Eku Inú Fírísà, Òjòlá Inú Gíláàsì

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá wa kan ní Peckham, nílùú London níbí, pè wá lórí fóònù lẹ́yìn tí ètò orí afẹ́fẹ́ wa yìí parí. Ohùn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn ṣí fírísà àwọn láti mú ẹja tí àwọn fẹ́ fi se ọbẹ̀, ọwọ́ àwọn sì bá ọ̀rá kan lábẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Àwọn ṣe bí edé ni. Ìgbà tí àwọn gbé e síbi tí iná wà, eku funfun mẹ́fà ló tò sínú rẹ̀, wọ́n dì gbagidi, ìrù wọn le bíi wáyà. Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ló kó wọn síbẹ̀. Ó ní oúnjẹ ejò òun ni. Ìyá wa mọ̀ nípa ejò náà, wọ́n ti gbà kó wà nínú àpótí gíláàsì ní yàrá ọmọ náà. Ohun tó ń jẹ ni wọn kò bi í. Wọ́n wá béèrè ohun méjì lọ́wọ́ wa: ṣé kí àwọn kó eku náà dànù? Ṣé kò ní sàn kí ọmọ náà kúkú máa ra eku ààyè fún un, bí Ọlọ́run ṣe dá ejò?

Ẹ má kó wọn dànù, ìyá wa, ṣùgbọ́n ẹ yọ wọ́n kúrò láàárín ẹ̀fọ́ lónìí. Ní ti eku ààyè, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó wọlé. Àlàyé ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ fi àsìkò wa ti alẹ́ yìí ṣe.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ẹranko ni mo ń ṣe nílùú London, ó di ọdún 11 báyìí. Ajá àti ológbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń tọ́jú, àmọ́ wọ́n máa ń gbé ejò wá pẹ̀lú. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ̀yin náà: ẹni tó bá rí ejò, igi ló máa kọ́kọ́ wá. Àwọn àgbà wa sọ pé ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá fẹ́ràn ejò. Ṣùgbọ́n ẹranko tó bá ti wà lábẹ́ òrùlé wa, tí kò lè jáde lọ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, ọrùn wa ni ebi rẹ̀ wà.

Ejò tí ọmọ yìí ń sìn, òjòlá kékeré kan ni, èyí tí wọ́n ń pè ní royal python níbí. Ball python ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, nítorí pé bí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ jọ rogodo bíi bọ́ọ̀lù, á sì fi orí pamọ́ sáàárín. Kò ní oró. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ó tún máa ń pẹ́ láyé: ọ̀kan wà ní ọgbà ẹranko ìlú Saint Louis ní Amẹ́ríkà tó yé ẹyin ní 2020, nígbà tó ti lé ní ọmọ 60 ọdún. Ẹni tó bá ra òjòlá fún ọmọ ọdún 15, kó mọ̀ pé ọmọ náà lè di bàbá kí ejò náà tó kú.

Àjèjì kọ́ ni ejò yìí sí wa. Ó wà láti Senegal títí dé Uganda, inú ihò eku àti òkìtì ikán ló sì ń gbé. Òun ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, nínú tẹ́ńpìlì tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kó jáde lálẹ́ lọ wá oúnjẹ nínú ìlú. Láti Togo, Benin àti Ghana ni èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí wọ́n mú nínú igbó tàbí tó jáde láti inú ẹyin tí wọ́n kó nínú igbó ti ń lọ sókè òkun. Láti àárín àwọn ọdún 1970, èyí tí wọ́n ti kó jáde ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti lé ní 3,000,000. Ọmọ ilẹ̀ wa ló wà nínú gíláàsì yẹn, ó wá bára rẹ̀ nínú òtútù bíi tiwa.

Mo ti sọ pé kí eku ààyè má wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé òjòlá rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó gbé e sínú àpò ìrọ̀rí. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ju eku ńlá kan sí i, ó sì rìnrìn àjò. Àṣé ejò náà fẹ́ bọ́ awọ. Ejò tó bá fẹ́ bọ́ awọ, ojú rẹ̀ máa ń ṣú, á dà bí ẹni tó da wàrà sójú, kò ní ríran dáadáa, oúnjẹ kì í sì í wù ú. Ejò kò jẹ eku. Ebi wá ń pa eku nínú àpótí tí kò sí ẹyọ àgbàdo kan. Nígbà tí mo tú àpò ìrọ̀rí yẹn, ibi mẹ́ta ni egungun ẹ̀yìn ejò náà ti hàn síta, ó funfun báláú. Eku ti jẹ ẹran tó bò ó tán. Ejò kò lè ké, inú àpótí kò sì fún un láyè láti sá. Ó lé ní oṣù méjì tí a fi tọ́jú rẹ̀ kó tó lè gbé ara nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò lè dákẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ níwájú mi pé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nínú igbó nìyẹn. Nínú igbó, ejò tí kò fẹ́ jẹun á kúrò níbẹ̀, eku náà á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ sì rántí eku fúnra rẹ̀. Òun náà ń mọ ìrora, òun náà ń bẹ̀rù. Òfin ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n ṣe ní England àti Wales ní 2006, Animal Welfare Act, kò dárúkọ oúnjẹ ejò, ṣùgbọ́n ó ka eku tó wà níkàáwọ́ èèyàn mọ́ àwọn ẹranko tí a kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ láìnídìí. Àwọn tó ń sin eku fún títà máa ń fi afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì pa á, kí wọ́n tó kó o sínú yìnyín.

Ìyá wa, gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú fífi eku fírísà bọ́ ejò kò ju ọ̀rọ̀ ooru lọ. Ẹ wo ètè òkè òjòlá yín nígbà tó bá simi. Ẹ ó rí ihò wẹ́wẹ́ tó tò níbẹ̀. Ihò náà kì í gbọ́ òórùn, kì í gbọ́ ariwo. Ooru ló ń mọ̀. Nínú òkùnkùn biribiri, eku tí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń hàn sí òjòlá bí iná ẹ̀yìnkùlé ṣe ń hàn sí wa. Eku tútù, òkúta ni. Ejò pupa tí wọ́n ń pè ní corn snake, tó wá láti Amẹ́ríkà, kò ní irú ihò yìí, òórùn ló ń tẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣòroó bọ́. Ti òjòlá ló gba sùúrù.

Ẹ mú eku kan ṣoṣo jáde, èyí tí kò tóbi ju ibi tí ara ejò ti fẹ̀ jù lọ. Òjòlá kékeré lè máa jẹ eku kan lọ́sẹ̀. Àgbà tó wọn kílò kan àbọ̀, eku tó wọn bí 100 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ti tó o. Sísanra jù ń pa òjòlá inú ilé, àánú wa ló sì ń fà á. Ẹ fi eku náà sínú ọ̀rá tí kò jò, ẹ so ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí, kó máa yọ́ níbi tí kì í ṣe ilé ìdáná. Eku kékeré lè yọ́ láàárín wákàtí bíi méjì. Eku ńlá lè gbà ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹ má kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ó bá jọ pé ó ti yọ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ikùn rẹ̀ láti ìta ọ̀rá. Irun lè ti rọ̀, ẹsẹ̀ lè ti máa mì, kí ẹ sì tún kan ohun kan láàárín ikùn tó le bí èkùrọ́. Yìnyín ló kù níbẹ̀ yẹn. Bí ejò bá gbé yìnyín mì, ikùn rẹ̀ á tutù, oúnjẹ kò ní dà, ó lè bì í lọ́jọ́ kejì. Ẹ dúró títí gbogbo rẹ̀ á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọ̀rá náà, ó ṣì wà ní síso, sínú omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, fún ìṣẹ́jú bíi 15, kí ara eku lè gbóná tó 38 sí 40 lórí ìdíwọ̀n Celsius. Bí ooru ara eku ààyè ṣe rí nìyẹn, tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ẹ má da omi híhó lé e, á bó o, á sì sè é díẹ̀. Máíkíróweefù sì rèé, ẹ má dábàá rẹ̀ rárá: á se inú eku kí ìta tó gbóná, ikùn rẹ̀ lè bẹ́, ẹ̀yin náà lẹ máa gbé oúnjẹ ọmọ sínú ẹ̀rọ kan náà lọ́la.

Tó bá gbóná tán, ẹ nù ún gbẹ. Bí òjòlá bá ń lọ́ra láti mú un, ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí orí eku fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí orí gbóná ju ara tó kù lọ, torí orí ni ejò ń wá. Ẹ wá fi ẹ̀mú gígùn gbá ìdí eku mú, kì í ṣe ọwọ́. Ọwọ́ yín náà gbóná. Bó bá sún mọ́ ọn ju eku lọ, ọwọ́ ni òjòlá máa rí. Alẹ́ ni kí ẹ ṣe é, kí iná yàrá rẹlẹ̀. Ẹ rọra gbé e kọjá níwájú ihò tí ejò sá sí, ẹ má fi gún un lójú. Ejò á kọ́kọ́ na ahọ́n, orí rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́, ọrùn á ká bí ìwọ̀ ẹja. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti já a gbà, ó ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fún òkú lọ́rùn.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, ẹran tó ti kú, kí ló tún ń fún un sí? Ọ̀gbẹ́ni Scott Boback àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dickinson College ní Amẹ́ríkà wádìí rẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Ẹ̀yà ejò tí wọ́n ń pè ní boa ni wọ́n lò. Wọ́n mú òkú eku, wọ́n mú un gbóná, wọ́n sì ki ohun kan tó ní omi sí i nínú, tí wọ́n lè máa fún láti ìta kó máa lù kì, kì, kì, bí ọkàn ààyè. Níwọ̀n ìgbà tí ọkàn àtọwọ́dá yìí bá ń lù, ejò á máa fún un lọ, á tún ara lọ́, á tún fún un sí i. Eku tí kò ní ọkàn tó ń lù, kì í pẹ́ kó tó tú u sílẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ejò tí kò fún eku ààyè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn náà mọ lílù yẹn. Nítorí náà, bí òjòlá yín bá ti mú eku, ẹ fi ẹ̀mú mì ín díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó lè rò pé ó ṣì ń jà. Èyí tó fẹ́ jù ú nù tẹ́lẹ̀ á tún dì í mú.

Bó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níwájú rẹ̀ títí di àárọ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí eku ṣì wà níbẹ̀, ìdọ̀tí ni. Ẹ má dá a padà sínú fírísà. Òjòlá lè gbààwẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àgbà inú wọn lè lo oṣù mélòó kan, tí nǹkan kan kò sì ṣe é. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ọjọ́ tó ti jẹun kẹ́yìn. Bí ó bá ń rù, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ ṣóńṣó, ẹ gbé e wá bá dókítà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí fírísà ìyá wa, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan ọmọ èèyàn. Òtútù fírísà kì í pa kòkòrò àrùn Salmonella. Ó kàn ń mú un sùn ni. Bí eku bá ti yọ́, ó jí. Lọ́dún 2009, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló kó àrùn yìí ní Bìrìtéènì láti ara eku dídì tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 17 ní Amẹ́ríkà. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ló ń fà, ó sì lè gbé ìkókó tàbí arúgbó dè. Ọmọdé lè kó o láì fọwọ́ kan eku rárá. Ó lè jẹ́ pé abọ́ tí wọ́n fi yọ́ eku ni wọ́n fi jẹun, tàbí kí wọ́n ti yọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gé àlùbọ́sà.

Ìyá wa, bí agbára bá ká a, ẹ ra fírísà kékeré fún eku nìkan. Bí kò bá ká a, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá méjì, ẹ fi ọ̀rá náà sínú ike líle tó dé pinpin, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ rà á sára ike, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó má bàa jò sórí oúnjẹ. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù mẹ́fà lọ níbẹ̀. Ike rẹ̀, ẹ̀mú rẹ̀, garawa omi gbígbóná rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tirẹ̀ ni, kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìdáná. Ọwọ́ ni kí ọmọ fi ọṣẹ fọ̀ lẹ́yìn eku àti lẹ́yìn ejò, torí ejò tó dá ṣáká náà ń gbé Salmonella kiri. Bó bá ní àbúrò tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, kó má sún mọ́ ọn.

Bí ejò bá ti jẹun, kí ẹnikẹ́ni má gbé e fún odidi ọjọ́ méjì. Ooru la tún dé yìí o. Ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe. Eku tó wà níkùn rẹ̀, iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àpótí rẹ̀ ló ń bá a dà á. Apá tó gbóná gbọ́dọ̀ tó 31 sí 33, kí apá kejì wà ní 25 tàbí 26, kó lè máa yan èyí tó wù ú. Mo mọ bí owó iná ṣe rí nílùú yìí. Mo ti rí ẹbí tó pa iná ejò lóru kí owó mítà má bàa tán, eku sì rà mọ́ ejò níkùn, ó ń wú, títí ó fi bì í. Bí owó kò bá tó, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ má pa iná. Ebi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní pa òjòlá tó sanra. Ejò tó bá sì bì, ẹ má fún un ní nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó fi eku tó kéré bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan kọ̀wé sí wa láti Ìbàdàn pé àwọn ọ̀rẹ́ òun tó ń sin òjòlá níbẹ̀ ń fi eku tí wọ́n dẹ nínú ilé bọ́ ọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́. Eku ilé lè ti jẹ májèlé lọ́dọ̀ aládùúgbò, ejò tó bá jẹ ẹ́, òun náà ti jẹ májèlé. Eku tó ní ọmú púpọ̀, tó ń ràbàbà nídìí gààrì, òun ló ń gbé ibà Lassa, àrùn tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti 1969. Ẹni tó ń mú eku náà fún ejò ló wà nínú ewu ju ejò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sin òjòlá nílé, kó sin eku tirẹ̀ nínú àgò tó mọ́, kó máa fún wọn ní oúnjẹ tó dáa.

Ìyá wa, ẹ̀fọ́ tó wà lórí ọ̀rá yẹn, bí ó bá wà nínú ọ̀rá tirẹ̀ tí kò ya, ẹ fi omi ọṣẹ nu ìta rẹ̀, ẹ lè sè é. Èyí tí kò ní ọ̀rá, ẹ jù ú nù. Ẹ fọ abala fírísà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó ti ọmọ yín ní alẹ́ ọjọ́ tó bá fẹ́ bọ́ ejò. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ikùn eku lójú yín, kó sọ fún yín bóyá èkùrọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ológbò tó ń tọ̀ sórí káàpẹ́ẹ̀tì la máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.